Olùṣọ́ Tó Ń Ṣílẹ̀kùn Jù

Fún ìgbà kẹta láàárín ọjọ́ méjì, Hokari Misuzu pa iná maikirosikóòpù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú èkúté tó ti kú.

"Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́ gan-an?" Ó ń bá ègé ọpọlọ kan wí, ègé funfun tó tinrin bí ẹja gbígbẹ tí wọ́n fá sórí ọbẹ̀. Ègé náà wà nínú abọ́ kékeré, omi iyọ̀ ń ṣàn lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sì dá a lóhùn. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà tó yẹ kó tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ti wọlẹ̀ bíi kòtò.

Ohun tí ó ń wò kò ju oríta kan lọ, níbi tí iṣan ọpọlọ kan ti ń ránṣẹ́ sí òmíràn. Iṣan méjèèjì kò fara kan ara wọn. Àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín wọn. Lẹ́nu iṣan tó ń ránṣẹ́, àwọn àpò kéékèèké tó kún fún èròjà ajíṣẹ́ ti tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń dúró. Bí iná mànàmáná ara bá ti dé, ihò á ṣí, kálísíọ̀mù á sì ya wọlé láti inú omi tó yí iṣan náà ká. Olùṣọ́ kan wà lára àpò kọ̀ọ̀kan, purotéènì kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa retí kálísíọ̀mù. Ẹyọ kan kò tó o. Méjì kò tó o. Àfi bí nǹkan bíi mẹ́rin bá kó sí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò tó fa àpò mọ́ ògiri, tí ẹnu àpò á là, tí èròjà á dà sínú àlàfo, tí ìlà ojú kọ̀ǹpútà á sì wọlẹ̀ tó bí èròjà náà ṣe pọ̀ tó. Gbogbo rẹ̀ kì í pẹ́ tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Hokari ti ń wò ó, kò sì tíì sú u rí, àfi ọ̀sẹ̀ yìí.

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó mú irú èkúté kan jáde tí ọwọ́ olùṣọ́ wọn rọ, tí kò lè di kálísíọ̀mù mú dáadáa. Títí di oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, èròjà tó ń jáde lẹ́nu iṣan àwọn èkúté wọ̀nyí kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ń jáde lára àwọn èkúté tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Orí ìdá kan nínú mẹ́ta yìí ni gbogbo ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ dúró lé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tabuchi, tó ni yàrá iṣẹ́ náà, ka ìwé ọ̀hún, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kí ó fi èkúté márùn-ún ọlọ́wọ́-rírọ̀ kún un lẹ́yìn ọdún tuntun, kí àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò má bàa rí nǹkan wí. Mẹ́ta ti lọ nínú márùn-ún, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń tú èròjà jáde bí ẹni pé ọwọ́ olùṣọ́ wọn kò rọ rí. Ọjọ́ Ajé lòní. Ní ọjọ́ Ẹtì ni gbígba ìwé máa parí.

Ẹnì kan súfèé lẹ́yìn aṣọ dúdú tó pín yàrá náà sí méjì. Hokari di ojú. Ishigooka ni. Ọdún kan náà ni wọ́n wọlé, ẹ̀rọ wọn sì kẹ̀yìn sí ara wọn.

"Hokari! Wá wo nǹkan ẹwà."

"Mi ò wá."

"Ó ga bí òkè Hakusan tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò."

"Ishigooka, jọ̀ọ́. Jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀."

"Ṣebí mo sọ fún ẹ! Ní ọjọ́ kejì ọdún, mo ní ká jọ lọ sí ojúbọ. O ní òtútù ń mú ẹ. Èmi lọ, mo tò fún wákàtí méjì nínú yìnyín, mo ra ońdè, mo so ó mọ́ ẹ̀rọ mi. Ṣé o wá rí i báyìí?"

"Ońdè tí wọ́n fi ń dènà jàǹbá ọkọ̀ ni o rà."

"Ti ẹ̀kọ́ ti tán. Àwọn ọmọ girama ti kó gbogbo ẹ̀ lọ. Èyí náà sì ń ṣiṣẹ́, àbí kò ṣiṣẹ́?"

Kí Hokari tó rí èsì fọ̀, ó gbọ́ tí bàtà ilé kan ń fọ́ pá-pá-pá lórí ilẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tabuchi wọlé pẹ̀lú ife kọfí, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó wo kòtò tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Hm̀m̀."

Hokari kórìíra "Hm̀m̀" yìí ju ìbáwí lọ.

"Bóyá nǹkan tí èkúté ń sọ fún ẹ nìyẹn," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Kí ni wọ́n ń sọ, sà?"

"Pé ohun tí o kọ kì í ṣe òótọ́."

"Èkúté mẹ́rìnlá ló jẹ́rìí sí i lọ́dún tó kọjá, sà."

"Mẹ́ta ti wá ń jẹ́rìí takò ó lọ́dún yìí. O ti fọ àwọn rọ́bà tí omi ń gbà kọjá?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, sà."

"Tún fọ̀ ọ́. Ìwọ lo máa sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo wa ní Ọjọ́rú. Bí ó bá ṣì rí báyìí, a ó fa ìwé náà di oṣù Kẹsàn-án. Oyè ò sá lọ."

Bàtà ilé náà tún fọ́ pá-pá-pá, ó lọ. Oyè ò sá lọ! Iṣẹ́ tó ń dúró de Hokari ní Sapporo ń kọ́? Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ti gboyè nìkan ni wọ́n sì máa gbà. Ó bọ́ àwọn rọ́bà náà, ó tún wọn fọ̀ ní ìgbà kẹta.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ohun gbogbo. Ó fura sí omi, nítorí pé ní Kanazawa, omi ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń fọ́n sí títì láti yọ́ yìnyín, ó sì ti kun gbogbo títì ní pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó pààrọ̀ asẹ́. Ó fura sí ìgbóná yàrá, ó gbé ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná síbi mẹ́rin. Ó tún ẹ̀jẹ̀ àwọn èkúté yẹ̀ wò, bóyá ẹnì kan ti ṣi àpótí wọn gbé. Èkúté ọlọ́wọ́-rírọ̀ ni wọ́n, kò sí àní-àní. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èkúté kẹrin tún gbẹ́ kòtò bíi ti àwọn yòókù. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì fura sí.

Màmá Ubukata ló ń po gbogbo omi iyọ̀ tí wọ́n ń lò. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò gboyè kankan, ọwọ́ àti ojú ló fi kọ́ iṣẹ́. Yàrá òṣùwọ̀n ni Hokari bá a, ṣíbí kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló po omi kálísíọ̀mù tí à ń lò láti ọdún tuntun?"

"Èmi ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa?"

Màmá Ubukata gbé ṣíbí sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọmọ yìí, ọdún márùndínlógójì ni mo ti ń wọn iyọ̀ nínú yàrá yìí. Irun orí Ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ dúdú kirikiri nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ bínú, mà. Mo kàn ń béèrè ni."

"Ta ló bínú? Wá wò ó." Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní: iyọ̀ kálísíọ̀mù, gíráàmù 147, nínú omi lítà kan. Òǹtẹ̀ pupa orúkọ rẹ̀ wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. 147 náà ni ohun tí ìgò sọ pé kó jẹ́. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Hokari fi ìbínú jáde, kò tilẹ̀ rántí tẹrí ba, ìyẹn náà sì tún wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn lójú ọ̀nà.

Ní ọ̀sán, ó jókòó ti oúnjẹ rẹ̀, ìrẹsì roboto méjì tí wọ́n fi bébà dì. Ishigooka wá jókòó síwájú rẹ̀ láìbéèrè. Ó ń fa núdù ọlọ́bẹ̀ sẹ́nu, ọbẹ̀ ń ta sí i láṣọ funfun, ẹnu rẹ̀ kò sì dúró.

"O rò pé mò ń ṣeré. Mo ti ṣírò ẹ̀ o. Gbogbo nǹkan tí mo rí lọ́dún tó kọjá, pè é ní ẹyọ kan. Lọ́dún yìí, mẹ́ta! Èkúté mẹ́fà, kò sí èyí tó yàtọ̀. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe àpérò ní Sendai. Ìlọ́po mẹ́ta gẹ́lẹ́."

Hokari gbé ìrẹsì sílẹ̀. "O ní ìlọ́po mélòó?"

"Mẹ́ta."

"Èkúté wo lò ń lò?"

"Àwọn tí wọn ò fọwọ́ kàn ni. Ìgbà wo ni mo lo òmíràn rí?"

"Láti ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ keje oṣù yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń pariwo ẹ̀ sí ẹ létí!"

Hokari na bébà ìrẹsì sórí tábìlì, ó yọ bírò kúrò lápò Ishigooka. Tirẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta tẹ́lẹ̀. Ó ti wá di odidi. Ti Ishigooka jẹ́ odidi. Ó ti wá di mẹ́ta. Ohun kan náà ló sọ méjèèjì di ìlọ́po mẹ́ta. Èkúté rẹ̀ kò purọ́. Ọwọ́ olùṣọ́ wọn ṣì rọ bó ṣe rọ. Kálísíọ̀mù tí wọ́n ń kó lé e lọ́wọ́ ló pọ̀ jù.

Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Nítorí pé olùṣọ́ ń fẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá lé lórí kálísíọ̀mù á ti sọ ara rẹ̀ di ńlá lọ́dọ̀ èròjà: ẹ sọ kálísíọ̀mù di ìlọ́po méjì, èròjà á di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ó wá iye tí yóò fi ara rẹ̀ pọ̀ síra lọ́nà mẹ́rin tí yóò sì di mẹ́ta. Ẹyọ kan àti ààbọ̀ ti pọ̀ jù. Ẹyọ kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin kò tó. Ó gbìyànjú ẹyọ kan àti ìdá kan nínú mẹ́ta, ìyẹn mẹ́rin tí a pín sí mẹ́ta: mẹ́rin tó fi ara rẹ̀ pọ̀ síra lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 256, ti mẹ́ta jẹ́ 81, pín in, ó lé ní mẹ́ta díẹ̀.

"Ìdá mẹ́ta," ló wí. "Ìdá mẹ́ta ló fi lé."

"Kí ló lé? Bírò mi dà?"

Ó ti dìde. Ishigooka jẹ ìrẹsì kejì.

Nígbà tó padà dé yàrá òṣùwọ̀n, ó kọ́kọ́ tẹrí ba gan-an, ó tẹ orí náà mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú nípa tàárọ̀, mà. Kálísíọ̀mù tó wà nínú omi yẹn fi ìdá mẹ́ta lé. Èkúté ló wọ̀n ọ́n. Mi ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀."

Màmá Ubukata wò ó. Ó sọ ìgò iyọ̀ náà kalẹ̀, ó bu ṣíbí kan sínú ife omi kékeré, ó rò ó, ó gbé e fún un. "Dì í mú."

Hokari dì í mú. "Ó gbóná!"

"Ó gbóná." Obìnrin náà rọra jókòó. "Lọ́jọ́ kẹfà, ìgò ńlá tí mo po omi náà sí gbóná lọ́wọ́ mi bíi ife tíì. Yìnyín ń já bọ́ níta, ìka mi ti kú tán. Mo gbé e mọ́ àyà. Mo tún ní, 'Ẹ ṣé o.'"

"Iyọ̀ olómi tí wọ́n kọ sára ìgò kì í gbóná tó báyìí."

"Kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ gbígbẹ ló ń gbóná báyìí. Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo sì gbé e mọ́ àyà bí ọmọ!" Ó ju ṣíbí sílẹ̀, Hokari kò rí i kó ju nǹkan rí. "Wò ó. Olú gbígbẹ àti olú tútù, tí o bá wọn ìwọ̀n kan náà nínú méjèèjì, èwo ni olú pọ̀ nínú ẹ̀ jù?"

"Gbígbẹ. Omi ló kún tútù."

"Iyọ̀ yìí náà nìyẹn. Èyí tó ní omi lára, gíráàmù 147 la máa wọ̀n. Gbígbẹ, 111 ti tó."

Hokari ṣírò rẹ̀ sórí bébà ìrẹsì náà. Ìdá mẹ́ta 111 jẹ́ 37. Kó wọn pọ̀, 148, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 147 gẹ́lẹ́. Ìdá mẹ́ta ọ̀hún nìyí, èyí tí olùṣọ́ tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ ti wọ̀n fún un láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Ṣùgbọ́n ìgò olómi nìyí," ló wí. "A kọ ọ́ sí i lára. Òmùgọ̀ wo ló da gbígbẹ lé e?"

Màmá Ubukata dìde. Ó kọjú sí fèrèsé, níbi tí òdòdó funfun mẹ́ta ti dúró nínú ìgò aláwọ̀ igi kan. Ó yọ òdòdó, ó da omi rẹ̀ nù, ó gbé ìgò náà síwájú Hokari. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni: iyọ̀ kálísíọ̀mù, gbígbẹ. Lábẹ́ rẹ̀, bébà kékeré kan: ó ti tán, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá. Òǹtẹ̀ pupa roboto kan wà níbẹ̀. Hokari mọ òǹtẹ̀ náà. Tirẹ̀ ni, inú àpò òun fúnra rẹ̀ ló wà ní báyìí.

Ọjọ́ tí wọ́n gbá yàrá náà mọ́ ní òpin ọdún ni. Òfin Ọ̀jọ̀gbọ́n Tabuchi ni pé ìgò méjì tí a ti ṣí, tó jẹ́ ti nǹkan kan náà, kò gbọdọ̀ kọjá sínú ọdún tuntun. Kèké ni wọ́n ṣẹ́, pẹpẹ iyọ̀ ló bọ́ sí Hokari lọ́wọ́. Àwọn yòókù ti parí, bíà àti akàn ń dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kálísíọ̀mù, kálísíọ̀mù: ọ̀kan dé ààbọ̀, èkejì kò ju ìdá mẹ́ta lọ. Kí wọ́n dà á nù kò dára. Ó da kékeré lé ńlá lórí, ó fọ ìgò, ó tẹ òǹtẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn pé òun kò fi nǹkan ṣòfò. Màmá Ubukata ló tọrọ ìgò náà fún òdòdó.

"Èmi ni," ni Hokari wí.

"Ìwọ ni."

"Mo wá ń bá yín jà láàárọ̀."

"O wá."

"Ẹ ò sì sọ nǹkan kan!"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? O béèrè bóyá mo wọ̀n ọ́n dáadáa. O ò béèrè bóyá ó gbóná." Ó tún ìwé rẹ̀ ṣí, ó fa ìlà pupa la 147 já. "Àwa méjèèjì la jọ ṣe é. Má dá a gbé."

Hokari lè da omi iyọ̀ náà nù sínú kòtò, kó po òmíràn, kó pa ẹnu mọ́. Ó rò ó, a kò ní purọ́. Ó rò ó láti yàrá òṣùwọ̀n títí dé ẹnu aṣọ dúdú. Lẹ́yìn aṣọ ọ̀hún, Ishigooka tún ń súfèé.

Ó ká aṣọ náà sókè, ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò fi nǹkan kan bò.

Ishigooka wo ońdè tó so mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀. "Ońdè wá ńkọ́?"

"Ońdè ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

"Mo ti kọ̀wé sí Sendai."

"Mo mọ̀. Mo máa bá ẹ kọ òmíràn."

"Mo ti sọ fún ìyá mi, Hokari! Ó ti sọ fún àwọn ará ilé ìwẹ̀ àdúgbò wa!" Ó yí àga rẹ̀ padà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lójoojúmọ́ ni mò ń ní kó o wá wò ó. Ká ní o wá lẹ́ẹ̀kan péré, o ò bá ti rí i lọ́jọ́ kìíní."

Hokari tẹrí ba fún un. Òótọ́ ni.

Ní Ọjọ́rú, ó gbé ìgò òdòdó náà síwájú gbogbo wọn, ó sì ṣàlàyé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tabuchi gbọ́ ọ parí, ó mu kọfí.

"Ta ló ṣòfin ìgò méjì yẹn?" ló béèrè.

"Ẹ̀yin ni, sà," ni Màmá Ubukata wí láti ẹ̀yìn.

"Hm̀m̀." Ó gbé ife sílẹ̀. "Àlàyé dára. Àlàyé kọ́ ni mo máa fọwọ́ sí. Lọ́la, po omi tuntun. Èkúté ọlọ́wọ́-rírọ̀ kan, èkúté lásán kan, omi kan náà, ọjọ́ kan náà. Bí mo bá rí ìdá kan nínú mẹ́ta, mo fọwọ́ sí i. Bí mi ò bá rí i, oṣù Kẹsàn-án."

Èkúté ọlọ́wọ́-rírọ̀ kan ṣoṣo ló kù fún un. Èkúté lásán kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ rárá, Ishigooka ló ni gbogbo wọn. Kò tíì mọ bí òun yóò ṣe tọrọ rẹ̀ nígbà tí àpótí kan balẹ̀ sórí tábìlì rẹ̀ gbì.

"Mú un," ni Ishigooka wí. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa jókòó tì í. Mo fẹ́ fi ojú mi rí i."

Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá Ubukata ṣí ìgò tuntun. Kó tó jẹ́ kí Hokari tẹ òǹtẹ̀, ó ní kó ka ohun tó wà lára rẹ̀ sókè.

"Mo ti kà á, mà."

"Sókè."

"Iyọ̀ kálísíọ̀mù. Olómi."

"Lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n wọn gíráàmù 147, wọ́n rò ó, àwọn méjèèjì sì gbọ́wọ́ lé ìgò náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán.

Èkúté lásán ló ṣáájú. Ìlà náà tẹ̀ sílẹ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe kí ọdún tó yí. Ishigooka wo òkè Hakusan rẹ̀ tó ti di ebè, ó pòṣé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó kan ti ọlọ́wọ́-rírọ̀. Hokari sọ ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín tó fi ń wọn iná iṣan kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lẹ̀ mọ́ iṣan, ó dúró kí ara rẹ̀ balẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì. Ìlà náà kàn rọ̀, ó sì padà sókè. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tabuchi, tó ti wá dúró lẹ́yìn wọn, fi ìka wọn èkínní, ó fi wọn èkejì, ó kọ iye méjèèjì sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, ó pín in.

"Ìdá kan nínú mẹ́ta," ló wí. Ó yọ òǹtẹ̀ tirẹ̀ lápò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé oyè náà. "Yọ èkúté mẹ́rin ọdún yìí kúrò, kọ ìdí ẹ̀ síbẹ̀, má fi nǹkan bò. Òfin ìgò náà, mo ti pa á rẹ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Hokari ń tẹ ìwé náà jáde, bébà há ní ojú ewé kọkànlélógójì, ó sì ń fi ìkúùkù lu ẹ̀rọ náà. Lórí ẹ̀rọ Ishigooka, okùn ońdè nìkan ló kù. Ó ti gbé ońdè fúnra rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀.

"Hokari!" Ohùn náà ti ẹ̀yìn aṣọ dúdú wá. "Wá wo nǹkan."

"Bébà há sínú ẹ̀rọ!"

"Ó kéré. Ó burẹ́wà. Wá wò ó."

Hokari pòṣé. Ó fi bébà náà sílẹ̀ bó ṣe há, ó sì lọ wò ó.